Ìjàlọ Kò Lójú

Mo rántí ọ̀sán Ọjọ́rú kan ní abúlé Songon tí ìjàlọ wọ ilé wa. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ilẹ̀ ṣì ń rùn bí amọ̀ tútù. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà náà, mo sì gbà pé ohun tí mo bá ti kọ sára pátákó, mo ti mọ̀ ọ́n tán. Ìyá mi, tó dàgbà sí àdúgbò Treichville nígboro, wà lọ́dọ̀ mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kú.

Ẹ má ṣe pe ìjàlọ ní èèrà lásán. Èèrà a máa wá ṣúgà. Ìjàlọ a máa wá ẹran. Kì í gbé ojú kan pẹ́, kò sì lójú rárá: òórùn tí èyí tó ṣíwájú fi sílẹ̀ ni èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń tẹ̀ lé. Àwọn ọmọ ogun wọn, olórí ńlá, a máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọn a ya ẹnu bí ẹ̀mú. Bí ọ̀kan bá gé ọ jẹ, tí o fà á, ara á já, orí á kù sí ọ lára.

Onílé wa, bàbá àgbà kan ní abúlé náà, ti kó adìẹ rẹ̀ jáde. Àṣà wọn ni pé bí ìjàlọ bá dé, kí wọ́n yọ̀ǹda ilé fún un. Á jẹ aáyán àti eku tán, á sì máa lọ.

"Maître," ó pè mí láti ìta, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ níbẹ̀, "gbé màmá jáde! Ilé kì í ṣe tìrẹ lónìí."

Mo rẹ́rìn-ín. "Bàbá, wọn ò lójú. Bí mo bá da kẹrosín sójú ọ̀nà wọn, wọn ò ní rí òórùn tẹ̀ lé. Wọ́n á padà ni."

Ìyá mi gbọ́ mi láti yàrá. "Ọ̀gá tíṣà, ṣé o ti kọ́ àwọn náà níwèé ni? Gbé mi jáde, jọ̀ọ́."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, Màámi."

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Èmi kò tíì dàgbà tó ẹni tí í yá ti ẹlòmíràn lò.

Mo da kẹrosín. Òótọ́ ni, ọ̀nà wọn já. Ṣùgbọ́n wọn kò padà. Wọ́n fọ́n ká, wọ́n gun ògiri, wọ́n gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń wá ìgbálẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ igbe ìyá mi. Kò tètè kígbe, nítorí apá ọ̀tún tí kò mọ ìrora mọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ bò. Èmi àti onílé la jọ gbé e jáde.  Onílé ń ṣa wọ́n kúrò ní ọrùn ìyá mi, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ilé ìwòsàn, ìyá mi wò mí. "Ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ mà gùn o." Ọjọ́ kẹta, ó kú.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, Abobo ni mò ń gbé. Àwọn ọmọ àdúgbò ṣì ń gbé ìwé wọn wá bá mi. Ohun tí mò ń sọ fún wọn nípa ìjàlọ kò yí padà, àfi pé mo máa ń kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé ẹni tí kò lè rìn jáde ná. Ìró tí ìyá mi ró lọ́jọ́ náà wà nínú àpótí mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fọ̀ ọ́. Orí ìjàlọ kan ṣì wà létí rẹ̀, kò ní ara mọ́, ó ṣì di aṣọ náà mú.