Amọ̀ Tó Mú Àbúrò Mi Dúró

Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọdé, tí ikun ń ṣàn nímú mi tí mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ìyá mi kì í da omi nù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣí ẹ̀rọ tí omi ń tú yàà, ọ̀rọ̀ yìí lè má tètè yé yín. Òkè Kétu la wà, lọ́nà Òpómẹ́ta, kànga wa sì jìn débi pé bí o bá ju korobá sínú rẹ̀, wàá mí kanlẹ̀ kó o tó gbọ́ ìró rẹ̀. Omi òjò tí a bá rí gbà sínú àwọn ìkòkò ńlá, ńṣe là ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì. Omi tí ìyá mi fi fọ iṣu, omi tó fi ṣan ọwọ́, omi tó fi fọ àwo, inú agbada kan báyìí ló ń dà á sí. Ewúrẹ́ á mu tirẹ̀. Ìyókù di ti àwa ọmọ. À á gbé e lọ sẹ́yìn ilé, à á dà á sórí ilẹ̀ pupa, eré bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kò sí ohun tí a kì í fi amọ̀ mọ. A mọ ilé, a mọ ìkòkò, a mọ màlúù tí ìwo rẹ̀ kò yéé já bọ́, a se ọbẹ̀ amọ̀ fún ọkọ amọ̀. Nígbà tí oòrùn bá fi máa wọ̀, eyín àti ẹyinjú nìkan ló kù tó funfun lára wa. Àwọn aládùúgbò a máa fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ló bí. Ìyá mi á ní kí wọ́n wo àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ náà bóyá ara ọ̀kan ò yá. Ẹnu obìnrin yẹn kò gbẹ rí, òun ni mo fi jọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan àbúrò mi ọkùnrin, ìyá mi yìí kan náà yí padà. Ọmọ méjì ló ti sin láàárín èmi àti rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ náà, kò jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Bí kò bá sí lẹ́yìn rẹ̀, á wà lórí ẹní. Bí kò bá sí lórí ẹní, á wà lórí itan ẹnì kan. A ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ amọ̀ kàn án. Ọmọ náà mọ́ tónítóní, ó sanra, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń pe orúkọ gbogbo wa, kódà ó ti mọ èébú. Ṣùgbọ́n kò rìn. Àwọn ọmọ abúlé tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ ti ń sáré lé adìẹ, òun jókòó sórí ẹní bí ọba. Bí a bá gbé e dúró lórí ẹní, orúnkún rẹ̀ á yẹ̀, á tún jókòó.

Ẹ sáà mọ ẹnu ayé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wí pé arọ ni. Wọn ò wí i lójú ìyá mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èmi gbọ́ ọ létí kànga, ìyá mi náà sì gbọ́ ọ. Mo ń rí i láàárọ̀ tó ń fi òróró ra ẹsẹ̀ ọmọ náà, tí omijé ń kán sórí ọwọ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti iṣu ló ń gbìn. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó ní, bí kò bá rìn, ta ni yóò gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, nítorí mo fẹ́ràn ọmọ yẹn.

Ìparí òjò ọdún náà ni bàbá mi ní òun yóò mọ yàrá méjì kún ilé. Lórí òkè tiwa, a kì í dúró de ẹ̀ẹ̀rùn ká tó mọlé. Omi dà tí a ó fi po amọ̀? Nígbà tí omi bá ṣì wà nínú kòtò la máa ń ṣe é. Àwọn ọkùnrin á gbẹ́ ilẹ̀ pupa, wọ́n á bomi sí i, wọ́n á sì bẹ ọ̀wẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà kankan tó ki ẹsẹ̀ bọ amọ̀ náà, àwa ọmọdé ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Àṣà wa nìyẹn. Àtẹ́lẹsẹ̀ àgbà ti yi, ó lè tẹ òkúta kó má mọ̀. Tọmọdé rọ̀, kò sí òkúta, kò sí gbòǹgbò tí kò ní kàn án. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti kan nǹkan, wàá pariwo, wàá fi ọwọ́ wá a, wàá jù ú síta. Ibi tí òkúta bá wà lára ògiri, ibẹ̀ ni òjò ti máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ má pe eré wa ní eré lásán o! Ẹsẹ̀ wa la fi yẹ ilé bàbá wa wò kó tó di ilé.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, a kún inú kòtò bámúbámú, à ń fò, à ń ṣubú lu ara wa. Àbúrò mi wà lẹ́yìn ìyá mi, ó ń wò wá. Ló bá bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ebi, kì í ṣe ẹkún oorun. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí amọ̀, ó ń ta ìyá mi nípàá ní ìbàdí. Ìyá tó bí bàbá mi ló wà nídìí ìkòkò ẹ̀wà tí wọ́n ń sè fún àwọn ọlọ́wẹ̀. Ó dìde, ó lọ tú ọ̀já lẹ́yìn ìyá mi.

Ìyá mi figbe ta. "Yéè! Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lọ́mọ!"

Ìyá àgbà ní, "Ta ló ń pa á? Èmi ni àbí ìwọ tó o so ó rọ̀ bí ẹran ìyangbẹ?"

Ó gbé ọmọ náà dé inú kòtò, ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Amọ̀ náà ki, ó mù ún dé orúnkún, ó sì dì í mú. Ìyá àgbà wá jọ̀wọ́ ọmọ náà. Ọmọ náà fì síwájú, ó fì sẹ́yìn, kò ṣubú, amọ̀ kò jẹ́ kó ṣubú. Ó wo ìsàlẹ̀, ó ń wá ẹsẹ̀ rẹ̀, kò rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu amọ̀ ní ẹ̀kúnwọ́, ó fi pa ikùn, ó fi pa orí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó rìn lọ́jọ́ yẹn. Ó dúró ni. Ṣùgbọ́n ilé amọ̀ kì í ga lóòjọ́. Ẹ ó mọ ìpele kan, ẹ ó fi í sílẹ̀ kó gbẹ, ẹ ó tún po òmíràn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti po amọ̀ ni ìyá àgbà ń gbé e wá. Ìyá mi á dúró létí kòtò, á káwọ́ lérí, kò ní lè wò ó, kò sì ní lè kúrò níbẹ̀. Láìpẹ́, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí fa ẹsẹ̀ yọ. Á fìdí jókòó sínú amọ̀, á sunkún, á tún dìde. Èmi ni mo máa ń dúró lódìkejì, tí mo ń fi màlúù amọ̀ tàn án. Nígbà tó di ìpele tó kẹ́yìn, ó fa ẹsẹ̀ kan yọ, ó gbé e síwájú. Ó fa ìkejì yọ. Kòtò náà kò fẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n lójú mi ó jìnnà ju ọ̀nà Kétu lọ. Ó ń bọ̀, ó lanu, itọ́ ń dà, títí ó fi ṣubú lé mi ní orúnkún. Èmi ló rìn wá bá! Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, mo ti rí àrọ́mọdọ́mọ, orí mi kò tún wú tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn obìnrin sáré gbé omi wá láti wẹ̀ ẹ́. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Kò wẹ̀ ẹ́, kò sì pọ̀n ọ́n. Ó mú un lọ́wọ́, tòun tamọ̀ lára, ó ń mú un rìn díẹ̀díẹ̀ yí abúlé ká, wọ́n ń sinmi, wọ́n tún ń lọ. Ẹni tó bá kí i, á ní, "Ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ ọmọ mi, ẹ wo bó ṣe dọ̀tí tó!" Nígbà tí wọ́n dé etí kànga, ó dúró pẹ́ níbẹ̀. Èmi náà ń tẹ̀lé wọn, amọ̀ ti gbẹ mọ́ mi lára, mo gbé àyà síta.

Àbúrò mi yẹn ti di baba arúgbó báyìí. Ẹsẹ̀ ló ṣì fi ń lọ sóko. Kí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ṣíná sí alùpùpù wọn, ó ti ro ebè.

Mi ò bá sìmẹ́ǹtì jà o. Ilé tí àwọn ọmọ mi kọ́ fún mi, sìmẹ́ǹtì ni, òjò kì í jẹ ẹ́, mo sì ń sùn nínú rẹ̀ fọnfọn. Ṣùgbọ́n lásìkò òjò tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin gbé ọmọ rẹ̀ wá kí mi láti Kútọnu. Ọmọ náà ń rìn dáadáa, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà. Bó bá ti fi ìka kan ilẹ̀ wa báyìí, ìyá rẹ̀ á ti pariwo "Salé! Salé!" pé ó dọ̀tí, ní Faransé, á sì fi bébà tútù nù ún. Mi ò bínú. Mo ní kó jókòó, mo sì sọ ohun tí mo sọ fún yín yìí fún un. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ bàtà ọmọ náà. Kí wọ́n tó lọ, bí ẹ bá rí ọmọ Kútọnu láàárín àwọn ọmọ ilé, ẹ ò ní dá a mọ̀.

Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n délé tí fóònù mi dún. Ìyá ọmọ náà ni. Àyà mi já, mo rò pé ara ọmọ ni kò yá. Ara rẹ̀ yá. Ẹkún ló ń sun pé òun fẹ́ lọ ṣeré amọ̀. Ìyá rẹ̀ ní òun ti bọ́ bàtà rẹ̀, òun ti bu omi fún un, òun ti mú un jáde. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ló wà ní àgbàlá wọn, sìmẹ́ǹtì ló wà nílé ìwé rẹ̀, gbogbo ojú ọ̀nà wọn ni wọ́n sì ti fi òkúta tẹ́. "Ìyá àgbà, ibo ni kí n gbé e sí?"

Ọmọ fẹ́ tẹ ilẹ̀, ìyá rẹ̀ gbà fún un, kò wá sí ilẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣojú mi rí. Mo ní kó gbé e padà wá fún mi bí wọ́n bá ti gba ìsinmi, kó má fi falẹ̀, nítorí àwa náà níbí ti ń da sìmẹ́ǹtì sí àgbàlá wa.