Èèkù Ọwọ́ Òsì

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló gba ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi. Òsì nìkan ló kù, ọ̀pá ìwọ̀ wọn sì ni ohun kan ṣoṣo tó ń mú wọn kúrò lórí àga. Ẹnì kan tó ti ìlú òyìnbó bọ̀ ló fún wọn. Rọ́bà líle dúdú ni, ó fúyẹ́ fún ọwọ́ kan, kò sì sí irú rẹ̀ lọ́jà Ore. Tí wọ́n bá ti dé etí odò báyìí, wọn kì í ṣe aláìsàn mọ́, wọ́n á máa bú ẹja.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àgbẹ̀ kòkó ní Omifunfun, ló ṣẹ́ èèkù ọ̀pá náà. Ó fi ń já ọsàn! Igi kún oko rẹ̀ fọ́fọ́, ọ̀pá ìwọ̀ bàbá wa ló rí mú. Inú bí mi, ṣùgbọ́n àgbà ni, mo gbé e mì.

Mo ní n óò gbẹ́ èèkù tuntun tó máa bá ọwọ́ òsì mu. Mo fún bàbá ní òkèlè ẹ̀bà tútù ńlá kan, mo ní kí wọ́n fún un mọ́wọ́. Ojú ìka wọn hàn lára rẹ̀ kedere, mo sì ń wò ó gbẹ́ igi gúáfà. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi mí ṣẹ̀sín, ó ní obìnrin wo ló ń gbẹ́ èèkù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbẹ́ ẹ. Nígbà tí bàbá dì í mú, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ọghọ́ mi gan-an rèé," ni wọ́n wí, wọ́n ń wo ọwọ́ òsì wọn.

Ó ku ká fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Mo kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, mo gun ọ̀kadà láti Odigbo lọ sí Ore lọ ra gọ́ọ̀mù.

Òórùn rọ́bà tó ń jó ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Lójú ẹ̀gbọ́n mi, èèkù ni èèkù ń jẹ́: tí a bá fẹ́ ki àdá bọ èèkù, a ó ti ìdí rẹ̀ bọná títí yóò fi pọ́n, a ó wá kì í bọ inú igi. Ohun tó ṣe fún ọ̀pá bàbá náà nìyẹn. Ó ní dúdú tó dúdú lòun fi rò pé irin ni. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tèmi jókòó sídìí iná, ọ̀pá sì wọ́ kọdọrọ lójú rẹ̀.

"Ṣé orí rẹ pé ṣá? Mi ò ní kó o má fọwọ́ kàn án?"

Láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, "ẹ" ni mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi, n kò pè é ní "o" rí.

Bàbá gbójú sókè. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Bàbá, ọ̀pá yín ló jó o!"

"Mo rí i. Ọ̀pá jó. Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ náà jó ni? Kúnlẹ̀."

Ẹni tí kò ní rí odò mọ́, tí mo tìtorí rẹ̀ ń jà, òun ló ń ní kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi má bínú. Ó fà mí dìde, ó gbá mi léjìká pẹ̀lẹ́, ó ní kò burú, òun ti gbàgbé.

Ẹ gbọ́ o! Òun ló wá ń dárí jì mí.