Obìnrin Tó Kó Jíà Sínú Àpótí

Ìyàwó àkọ́bí mi ọkùnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi kì í pè é ní ìyàwó ọmọ mi. Ìyàwó mi ni mò ń pè é. Ọmọ mi ló kàn ń bá mi tọ́jú rẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ̀ yín lọ́wọ́, ẹ ó ka ìka yín lẹ́yìn rẹ̀ bóyá ó ṣì pé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gé eyín sí ara irin. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń gé jíà ní ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, Ìyá Jíà sì ni gbogbo wọn ń pè é níbẹ̀. Jíà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ló fi bẹ̀rẹ̀. Á gbé jíà kan sétí, á fi èékánná ta á, kíń! Bí eyín kan bá fi ìwọ̀n irun orí gùn ju èkejì lọ, yóò gbọ́. Etí yẹn ò mọ sí ibi iṣẹ́ o. Ojú mi ló ṣe tó fi ohùn ṣíbí nìkan mọ̀ pé ọmọ mi ń bu ṣúgà sínú tíì lẹ́ẹ̀kẹta, ilẹ̀kùn méjì sì wà láàárín wọn, ní títì pa.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe irú èyí tí èmi fi pín lẹ́tà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n o. Kẹ̀kẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ òkè ni. Táyà rẹ̀ nípọn, ó ní sípíríǹgì níwájú àti lẹ́yìn, iṣẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ni kí ó gbé ènìyàn láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ kí onítọ̀hún tó ráyè ronú pìwà dà.

Àbùkù kan ló wà lára irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀. Apá irin kékeré kan máa ń rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn. Òun ló ń ti ṣéènì láti orí jíà kan bọ́ sórí òmíràn. Ibi tó rọ̀ sí yẹn gan-an ni òkúta ti ń bá a. Òkúta kan péré, kíṣà! Apá ti ká kò, ṣéènì ti já, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ti di ẹrù.

Ìyàwó mi ní kí ni jíà ń wá níta? Kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wọlé.

Ó kọ́kọ́ kó wọn sínú ikùn táyà ẹ̀yìn, níbi tí gbogbo sípóòkì ti pàdé. Wọ́n ṣiṣẹ́, àmọ́ ìdí kẹ̀kẹ́ wúwo jù. Ibikíbi tó bá ti fò, ìdí ló ń kọ́kọ́ balẹ̀, gbì, bí àpò sìmẹ́ńtì tó já bọ́ látorí ọkọ̀. Ó tú u palẹ̀. Ó wá ṣe àpótí irin kan tí kò tóbi ju odidi búrẹ́dì kan lọ, ó gbé e sí àárín kẹ̀kẹ́ gan-an, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yí pẹ́dà. Jíà mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń wẹ̀ nínú epo bí ọmọ olówó. Ṣéènì kan ṣoṣo ló ti inú àpótí lọ sí táyà ẹ̀yìn, ojú kan náà ló sì ń wà, kì í ṣí kiri. Ọwọ́ jíà, ohun tí àtàǹpàkò ń tẹ̀ láti pààrọ̀ jíà, wà lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ọdún méjì gbáko ló fi ṣe é, nínú yàrá kékeré tí máníjà fún un lẹ́yìn ilé iṣẹ́: fèrèsé kan, tábìlì irin kan, àti ìdúró tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ lé.

Àwọn tó ń kun kẹ̀kẹ́ ní ọ̀dà ti ń wo yàrá náà bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Nígbà tó yá, máníjà pe ìyàwó mi.

"Ìyá Jíà, ọdún méjì ti pé. Mo fún yín ní Sátidé mẹ́ta lórí òkè. Bí àpótí yìí bá dáhùn, ó dáa. Bí kò bá dáhùn, àwọn ọlọ́dà á kó wọlé, ẹ̀yin á sì padà sídìí jíà ẹ̀rọ àgbàdo."

Kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi sọ fún mi pé kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, obìnrin tó máa ń fi òkèlè nu àwo mọ́ bí ẹni pé ó ń wá òrùka nínú rẹ̀.

Ẹni tó máa gun kẹ̀kẹ́ náà ni ọmọ ọmọ mi, ọmọbìnrin mi ló bí i. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni, Ìjì là ń pè é, ilé iṣẹ́ náà ló gbà á síṣẹ́ pé kó máa fi kẹ̀kẹ́ wọn sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Ẹ ò rí itan Ìjì rí. Bí ó bá jókòó sórí àga, àga ló ń kí i.

Òkè náà ga débi pé ewúrẹ́ ń fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́, jíà kọ̀, kò yí padà rárá. Ìyàwó mi tú àpótí, ó fi fáìlì ha eyín, ó pààrọ̀ sípíríǹgì. Ní Sátidé kejì ó tún kọ̀, ní ẹ̀bá kọ́nà tó le jù, Ìjì sì wọ inú igbó lọ ràì.

"Mo tẹ ọwọ́ jíà, mo wa pẹ́dà, kò dáhùn," Ìjì wí, bó ṣe ń yọ koríko lẹ́nu. "Ṣe ló le gbagidi. Ẹ má bínú, Àǹtí."

 Máníjà na ìka kan sókè: ó ku Sátidé kan.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo gbé oúnjẹ lọ bá ìyàwó mi nínú yàrá rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ wà lórí ìdúró, fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lò ó.

"Bàbá, bí mo bá tún fi fáìlì kan eyín wọ̀nyí, èrìgì nìkan ló máa kù."

"Bíi tèmi nìyẹn. Èmi ṣì ń jẹun."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kan yí pẹ́dà, ó fi èkejì tẹ ọwọ́ jíà. Tá, tá, tá. "Ẹ gbọ́ ọ? Níbí, ó gbọ́ràn bí ọmọ tuntun tó ti yó. Tó bá dé orí òkè, á ya olóríkunkun."

"Bóyá òkè ló ń bà á lẹ́rù. Gùn ún fúnra rẹ, kó o mọ ohun tó ń ṣe é."

"Ẹ̀yin náà! Àbí ẹ ti gbàgbé ni?"

Mi ò gbàgbé. Èmi àti ọkọ rẹ̀ nìkan la mọ̀ ọ́n láyé ńbí: obìnrin tó ń ṣe jíà kẹ̀kẹ́ yìí ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Bí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́ níbi iṣẹ́, á ní orúnkún ń dun òun. Orúnkún rẹ̀ ti dùn ún fún ọdún mẹ́fà, ó sì ń gun àtẹ̀gùn ní méjì-méjì.

Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ náà ní ibi tó dà gẹ̀rẹ́, níbi tí àwọn ọkọ̀ ẹrù máa ń fẹ̀yìn wọ̀. Òkìtì páálí òfìfo wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní màá di kẹ̀kẹ́ mú fún un, a sì jọ tì í lọ síbẹ̀. Ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́, mo di ìdí àga rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ má fi mí sílẹ̀ o."

"Kí n fi ọ́ sílẹ̀ kẹ̀? Kí n wá sọ kí ni fún ọmọ mi?"

Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Ṣé ẹ ṣì dì í mú?"

"Gbagbaagba ni!" Mo dá a lóhùn láti òkè lọ́hùn-ún, níbi tí mo dúró sí, tí mo káwọ́ sẹ́yìn.

Ohùn mi ló jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀nà ti jìn. Ó ké. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gan sórí pẹ́dà, àtàǹpàkò rẹ̀ sì di ọwọ́ jíà mú bí ẹni pé ibẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Tá. Tá. Tá. Mo kà á: jíà mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ wọlé, sínú páálí. Pẹ̀lú ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin mi yìí, mo sáré débẹ̀ kí páálí tó kẹ́yìn tó balẹ̀.

"Bàbá, ẹ purọ́ fún mi."

"Mo purọ́. Ṣé o fara pa?"

"Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe wọlé?" Páálí kan ṣì wà lórí rẹ̀ bíi fìlà. "Ẹsẹ̀ mi ò yí, Bàbá! Ẹ̀rù ò jẹ́ kó yí!"

Ibẹ̀ ló jókòó sí tó là á yé mi. Irin kékeré kan ló ń di jíà mú nínú àpótí, bí ìdábùú ilẹ̀kùn. Bí ẹnì kan bá ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn láti ìta, ẹni tó wà nínú ilé ò lè fa ìdábùú yọ, àfi bí ti ìta bá sinmi díẹ̀. Gbogbo ẹni tó sì ti gun kẹ̀kẹ́ oníṣéènì mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ máa wa pẹ́dà bí a bá fẹ́ pààrọ̀ jíà, torí pé ṣéènì tó dúró sójú kan kì í ṣí. Ìjì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Bó bá ti fẹ́ pààrọ̀ jíà lórí òkè, á kó gbogbo itan yẹn lé pẹ́dà. Lórí ìdúró, ọwọ́ lásán ló ń yí i. Àpótí ò ní àrùn kankan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyàwó mi ti fi ń fún ẹni tí ara rẹ̀ yá ní abẹ́rẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì ó pe Ìjì síbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà.

"Kí n dá ẹsẹ̀ dúró, Àǹtí? Lórí òkè yẹn?"

"Kó o kàn sinmi rẹ̀. Ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú."

"Ẹsẹ̀ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi o."

"Kọ́ ọ."

Mo jókòó sórí báàkẹ́ẹ̀tì tí mo dojú rẹ̀ dé, mò ń kígbe "Ẹsẹ̀!" ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ pààrọ̀ jíà, títí ohùn mi fi há. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, méje á bọ́ sí i.

Sátidé dé. Máníjà dúró nísàlẹ̀ òkè, olórí àwọn ọlọ́dà náà wá, ó sì ti gbé téèpù tí yóò fi wọn yàrá náà lọ́wọ́. Ìjì já wá láti òkè. Nígbà tó dé ẹ̀bá kọ́nà, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ bí ti ẹni tó wà nínú fọ́tò. Tá, tá! Ló bá gba kọ́nà kọjá, ẹyẹ méjì sì yà fún un lọ́nà. Ìyàwó mi fi ọwọ́ bo ẹnu.

Máníjà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti gun kẹ̀kẹ́ ìdíje rí nígbà èwe rẹ̀. "Gbé e wá, kí èmi náà wò ó."

Ó gùn ún lọ, ó wa pẹ́dà kíkankíkan, ó tẹ ọwọ́ jíà. Kò dáhùn. Ó padà wá, ojú rẹ̀ ti le.

"Ìyá Jíà, ó kọ̀ fún mi."

"Kò kọ̀, sà. Ẹsẹ̀ yín ló ń dí i lọ́wọ́."

"Ẹsẹ̀ mi? Ogójì ọdún ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́!"

"Ohun tó fà á gan-an nìyẹn, sà."

Olórí ọlọ́dà wúkọ́. "Ọ̀gá, ṣé ká máa kó ọ̀dà wa bọ̀ ni?"

"Ẹ sinmi ná." Máníjà na kẹ̀kẹ́ sí ìyàwó mi. "Ó dáa, ẹ̀yin ẹ gùn ún, kí gbogbo wa rí i."

Mo ti la ẹnu kí n mẹ́nu ba orúnkún, irọ́ tó dára, tí kò tíì já wa kulẹ̀ rí. Àmọ́ ó ṣáájú mi.

"Mi ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn, sà."

 Ìjì yọ akoto rẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa.

"Ẹ ò mọ kí ni?" máníjà bi í.

"Mi ò mọ̀ ọ́n gùn rí, sà. Torí ẹ̀ ni mo ṣe rí ohun tó ń ṣe é. Ọjọ́bọ̀ ni mo kọ́kọ́ jókòó lé e, ẹ̀rù bà mí, ẹsẹ̀ mi gan, gbogbo jíà sì wọlé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gùn ò lè rí i láé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín díẹ̀, sà, ẹ ó rí i."

Máníjà wò ó, ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo òkè.  Ó ti kẹ̀kẹ́ gòkè títí dé ibi tí ẹ̀rù ti lè ba ọkùnrin tó níyàwó nílé, ó gùn ún. A rí i tó ń bọ̀, ojú rẹ̀ ràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró gbọn-in. Tá. Tá. Tá.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ó wọlé." Ó nu ojú. "Ṣùgbọ́n ta ló máa tẹ̀ lé gbogbo ẹni tó bá rà á, tí á máa pariwo 'Ẹsẹ̀!' fún wọn?"

Mo na ọwọ́ sókè. Máníjà kọjú sí ìyàwó mi.

"Yàrá di tiyín títí ọdún á fi parí, Ìyá Jíà. Ẹ ṣe òmíràn tó máa gba ẹsẹ̀ alágídí."

"Mo ti gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n màá nílò ẹsẹ̀ alágídí kan tí màá máa fi dán an wò. Ti Ìjì ti kọ́gbọ́n, kò wúlò mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, máníjà máa ń wá sí yàrá yẹn, á bọ́ kóòtù, á gun kẹ̀kẹ́ tó wà lórí ìdúró, á sì máa wa pẹ́dà láìlọ síbì kankan, pẹ̀lú bíréèkì tó ń di táyà ẹ̀yìn mú kí pẹ́dà lè wúwo. Ìyàwó mi ti fi fáìlì ha ẹ̀gbẹ́ irin kékeré tó ń di jíà mú kó dà gẹ̀rẹ́, kó lè yọ̀ kúrò bí ẹsẹ̀ bá tilẹ̀ ń tì í. Mo wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àágùn ti bo máníjà.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i, sà. Ìyẹn ò tó nǹkan."

"Mò ń tẹ̀ ẹ́!"

"Ìjì máa ń tẹ̀ ẹ́ jù báyìí lọ, sà."

Ọkùnrin náà dìde dúró lórí pẹ́dà, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi tẹ ọwọ́ jíà. Tá.

"Ó wọlé àbí kò wọlé?" máníjà bi í, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó wọlé, sà," ni ìyàwó mi wí, ó sì ti gbé etí lé àpótí náà. "Ẹ tún tẹ̀ ẹ́."