Omi àdúrà ni ọmọ mi ń mu yó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Wọ́n gbé ọmọ mi sórí ìwọ̀n ní klíníìkì lónìí, ní Ẹ̀gbẹ́dá níbí. Kò wúwo ju ti oṣù tó kọjá lọ rárá!

Nọ́ọ̀sì ní, "Mọ́mì, kí lẹ ń fún un?"

"Ọyàn nìkan ni, mà."

Ìyá ọkọ mi bá dá sí i: "Àti omi àdúrà tí mo máa ń fún un tí o bá ti sùn. Ó máa ń mu ún yó dáadáa."

Nọ́ọ̀sì ní bí omi bá ti kún inú ìkókó, kò ní fa ọyàn tó mọ́.

Ìyá ní, "Ṣé omi tí wòlíì gbàdúrà sí ló máa pa ọmọ lára?"

Ọjọ́ Ajé ni mò ń padà síbi iṣẹ́ o. Ọwọ́ ìyá ọkọ mi yìí náà ni mo máa fi ọmọ sí.

Ẹ̀rù ń bà mí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ máa ṣe?