Ayaba Mẹ́rin ní Pálọ̀ Dádì

Ẹni tí kò bá ta póòkà rí á rò pé káàdì búburú ni wàhálà. Irọ́ ni. Káàdì tó dáa jù gan-an ni wàhálà, nítorí bí ojú ẹ bá ti tú àṣírí ẹ, àwọn tó kù á ju káàdì tiwọn sílẹ̀, wọn ò ní fi nǹkan kan lé e mọ́.

Ẹnu tèmi ni kì í jẹ́ kí n jèrè. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ohun rere ò gbọdọ̀ dé kí n má dúpẹ́. Bí mo bá ti yọjú wo káàdì tó dáa, "O ṣé, Jésù" ti jáde kí n tó mọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ń ta fóònù ní Apple Junction á sì da káàdì ẹ̀ délẹ̀: "Ó ti testify. Count me out o!"

Àwa mẹ́ta la máa ń ta á lọ́sàn-án Sátidé, ní pálọ̀ Dádì, bàbá àdúgbò wa ní Festac tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ike pẹlẹbẹ la fi ń ta, ọgọ́rùn-ún náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe nítorí owó ni mo ṣe ń lọ. Àwọn òbí mi ti padà sí Ìjẹ̀bú, àwọn àbúrò mi wà ní Kánádà, ó wá ku èmi nìkan nínú fúláàtì oníyàrá mẹ́ta. Nígbà míì mo máa ń tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, káàdì ayaba méjì ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí Dádì ṣí káàdì tí gbogbo wa jọ ni sórí tábìlì, ayaba méjì tó kù ló wà níbẹ̀. Ayaba mẹ́rin! Agbára káká ni káàdì míì fi lè borí ẹ̀. Mo fi eyín di ètè mi mú kí ọpẹ́ má bàa jáde. Ẹ̀gbọ́n ti ju tiẹ̀ sílẹ̀. Dádì ń wo ojú mi.

"Kí ló dé? Ṣé kò sí o?"

Mo ní láti sọ nǹkan kan. Òótọ́ ló bọ́ sí mi lẹ́nu. "Dádì, ilé yẹn ló dákẹ́ jù. Ó ti sú mi láti máa wọlé síbẹ̀."

Mo wá ti gbogbo ike mi sáàárín, bí ẹni tí nǹkan ti sú. Ìyàwó Dádì ti kú. Ó mọ bí ilé ṣe ń dákẹ́. Ó ti gbogbo ike tiẹ̀ náà síwájú.

"Mi ò ní jẹ́ kó o dá nìkan wà níbẹ̀," ló wí.

Mẹ́sàn-án kan àti mẹ́ta kan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sí ẹni tí í fi ìyẹn ta gbogbo ohun tó ní. Mo ṣí ayaba mi.

"Haa! Actor!" Ẹ̀gbọ́n pariwo, ó ń gbá tábìlì.

"Òótọ́ ni mo sọ o," mo ní. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín sí i. Dádì gbá mi léjìká, ó ní àánú mi ti ṣe òun tán, àṣé póòkà ni. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Tèmi tà lọ́jọ́ yẹn, ó tà wàràwàrà. Mi ò jẹ tó bẹ́ẹ̀ rí, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kó o.

Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, a ti ta tán, Ẹ̀gbọ́n ti lọ, mò ń bá Dádì kó ife lọ sí kíṣìnnì. Káàdì ti wà nínú páálí ẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè sùn síbí lónìí? Mi ò lè wọ ilé yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Ayaba mélòó lo tún mú?"

"Mẹ́rin, sà," ni mo wí, mo sì bá a rẹ́rìn-ín. Mo fọ ife tán, mo kí i pé ó dàárọ̀, mo lọ sílé.