Róútà Jíbrílù àti Ọ̀rọ̀ Ọwọ́ Àwọn Ìbejì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Jíbrílù fi gun òpó tẹlifóònù kí wọ́n tó ní kó lọ sinmi. Láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dé Igbosere, kò sí òpó tí kò mọ bí orí rẹ̀ ṣe rí. Adájọ́ tó fẹ́ bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti kóòtù, oníṣòwò Èbúté Èrò tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ gàrí ti kúrò ní Ìjẹ̀bú, ọwọ́ Jíbrílù ni ohùn wọn gbà kọjá. Bó bá ń dún kíràkírà, òun ni wọ́n ń pè. Bó bá kú pátápátá, òun náà ni. Ó máa ń sọ pé ohùn èèyàn kò yàtọ̀ sí omi, ibi tí páìpù bá wà ló ń gbà. Níbi tí kò bá sí wáyà, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ pariwo "haló" dára ẹ̀ lágara.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú agboolé wọn tí gbogbo iṣẹ́ yìí kò ṣe láǹfààní kọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, Hussainat. Ọmọ ọdún méje ni Hussainat nígbà tí ibà líle kan kọ lù ú. Nígbà tí ibà náà máa lọ, ó gbé etí rẹ̀ lọ, ó sì di adití. Lọ́jọ́ tí Jíbrílù fa wáyà wọ pálọ̀ ilé wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, tí gbogbo ilé ń du ẹ̀rọ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, Hussainat kàn gbé e, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó fi etí ìró nù ún, ó sì gbé e padà sáàyè rẹ̀. Jíbrílù rí i. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó rí i.

Ìbejì ni Hussainat. Hassanat ni èkejì rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Sókótó, nítorí pé Sókótó ló bá ọkọ lọ láti bí ogójì ọdún. Àwọn méjèèjì ló jọ dá èdè ọwọ́ kan sílẹ̀ nígbà èwe. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kọ́ níléèwé àwọn adití. Tara wọn ni. Ìka méjì lábẹ́ àgbọ̀n, ìyá wọn nìyẹn. Kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu èjìká, ọkọ nìyẹn. Jíbrílù gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀: wá, lọ, oúnjẹ, òjò, owó. Ó tó láti fi bá ẹ̀gbọ́n ẹni gbélé. Kò tó láti fi bá a sọ̀rọ̀ inú.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé Ìyá Sókótó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó yè é. Alihamdulilahi. Àmọ́ ta ni yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún Hussainat? Wọ́n fi fóònù Jíbrílù pe Sókótó kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ilé tí ògiri rẹ̀ nípọn bíi tiwọn, tí àwọn ilé alájà mẹ́rin tún yí po, ńṣe ni nẹ́tíwọ̀kì máa ń tiro wọ inú rẹ̀. Ojú Ìyá Sókótó yọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ sókè, àwòrán sì dúró gbagidi. Ohùn Abdulmujeeb, ọmọ rẹ̀, ṣì ń wá: "Ẹ ń gbọ́ wa? Màmá ní ká kí yín o!" Ẹni tó ń gbọ́ràn kò ní ka èyí sí. Ṣùgbọ́n fún Hussainat, bí àwòrán bá ti dúró, ọ̀rọ̀ ti tán. Ó wo èkejì rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ lórí aṣọ funfun, ojú là sílẹ̀, ọwọ́ nà gbọọrọ, tí kò mira. Ó ní fọ́tò ni wọ́n fi ń han òun. Ó ní Hassanat ti kú, wọ́n ń fi pa mọ́ fún òun ni.

Kò jẹ̀bi. Nígbà tí ìyá wọn kú, ara Hussainat ò yá rárá, làwọn àgbà ilé bá ní kí wọ́n má tíì sọ fún un. Ogójì ọjọ́ ni gbogbo ilé fi ń fọwọ́ sọ fún un pé ìyá ṣì wà lọ́sibítù, pé ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Jíbrílù wà lára àwọn tó fọwọ́ sọ ọ́.

Ìyẹn ni Hussainat fi bọ́ aṣọ àdìrẹ ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ró funfun bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ó jókòó sórí ẹní. Ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀ ló ń mu, kò fẹnu kan ohun mìíràn. Ọjọ́ mẹ́rin. Bí Jíbrílù bá na ọwọ́ láti ṣàlàyé, yóò yíjú sí ògiri. Adití tó bá sì ti yíjú sí ògiri, kò sóhun téèyàn tún lè bá a wí.

Rónkẹ́, ìyá Dámilọ́lá, ló mú ìmọ̀ràn wá. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ó gba yàrá kan lọ́wọ́ wọn nísàlẹ̀, ó sì ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé ìbúra lẹ́nu ọ̀nà kóòtù Igbosere.

"Bàbá, ẹ lọ ra róútà."

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó máa fa nẹ́tíwọ̀kì wọlé, á wá pín in fún fóònù. Ó máa ń fà ju fóònù fúnra ẹ̀ lọ dáadáa."

"Wáyà ẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní wáyà, àfi ti iná nìkan."

"Ìyá Dámilọ́lá, ọdún méjì ló kù kí n pé àádọ́rin. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ṣùgbọ́n ó lọ. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló yà ní Broad Street. Kò ra ti ẹni tó wọ́n jù, kò sì ra ti ẹni tó pọ́ọ́kú jù, torí ọjà tó bá pọ́ọ́kú kọjá àlà, ó níbi tó ti ń bọ̀ wá gba owó ẹ̀ padà. Láàárọ̀ Sátidé, ó tú páálí náà. Nǹkan funfun kan ni, kò wúwo tó ìdajì búrẹ́dì. Jíbrílù gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń gbé e sókè sódò díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wọn ẹran. Nígbà tiwọn, ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé ẹ̀rọ tó ń so àdúgbò kan ṣoṣo pọ̀. Èyí ló fẹ́ dé Sókótó?

Ó ki síìmù bọ̀ ọ́ nídìí, ó fi iná sí i. Iná pupa tàn. Ìwé inú páálí ní pupa túmọ̀ sí pé kò rí nẹ́tíwọ̀kì. Jíbrílù kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó wá wáyà iná gígùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé róútà rìn kiri ilé bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ní pálọ̀, pupa. Nídìí àtẹ̀gùn, pupa. Lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá Hussainat, ó ṣẹ́jú. Nígbà tó gbé e dé ojú fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn, iná náà di búlúù, ìlà nẹ́tíwọ̀kì mẹ́ta sì tò tẹ̀lé ara wọn lórí rẹ̀. Jíbrílù yọjú lójú fèrèsé. Òpó irin nẹ́tíwọ̀kì kan wà lókèèrè lórí òrùlé ilé gíga. Kò sí nǹkan kan láàárín òpó yẹn àti ilé wọn àfi ojú ọ̀run, aṣọ sísá àti ẹyẹlé.

Ó na ọwọ́ rẹ̀ sáàárín ẹ̀rọ àti fèrèsé, bí ẹni fẹ́ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Iná kò kú. Ó tún fi ọwọ́ méjèèjì dí i. Kò kú síbẹ̀. Ohun náà ń gba inú ẹran ara rẹ̀ kọjá, kò sì mọ̀ ọ́n lára.

"Subuhanalahi," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Àdìjátù, ìyàwó àbúrò rẹ̀, ló bá a níbẹ̀. "Bàbá wa, ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ máa jẹ wáífáì yìí ni?"

"Ṣé mo ti jẹ nǹkan nílé yìí rí kí n má bù fún yín?" Jíbrílù dojú ẹ̀rọ dé, ó fi páswọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn án. Ó ṣe tán, ilé ẹbí ni. Ọbẹ̀ tí wọ́n bá sè nísàlẹ̀, òkè gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, páswọ́ọ̀dù náà ti yí agboolé ká.

Lẹ́yìn ìrun, wọ́n pe Sókótó. Ìyá Sókótó yọ, ó mọ́ gaara bí ẹni wà nínú yàrá. Jíbrílù bẹ Hussainat, ó bẹ̀ ẹ́, títí tó fi ṣíjú wo fóònù. Ìyá Sókótó fi ọwọ́ kan ìbàdí, ó gbé ọwọ́ kejì sókè láti sọ̀rọ̀...

Àwòrán dúró gbagidi.

Hussainat fi ìka kan ojú tó wà nínú fóònù náà. Ojú náà kò ṣẹ́. Ó tún fi ìka kàn án. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan náà ya onígun mẹ́rin gígùn sórí ẹní, ó fi ọwọ́ bu erùpẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, ó dà á lé e lórí. Kò sẹ́ni nínú yàrá tí kò gbọ́ èyí yé. Ó yíjú sí ògiri. Igbe tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ó sì burú ju èyí tó ní ọ̀rọ̀ lọ.

Rónkẹ́ sáré gòkè wá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wo inú róútà náà wò." Ó tẹ nọ́ńbà kan, ojú ìwé kan ṣí. "Wọ́n ti pọ̀ jù lórí ẹ̀. Ẹ wò wọ́n, mọ́kàndínlógún."

Jíbrílù fi jígí rẹ̀ sójú. Orúkọ wọn tò sílẹ̀ bí orúkọ ọmọ kíláàsì. Fóònù Nusrat. Tẹlifíṣọ̀n Àdìjátù. Fóònù Bọ́lájí.

"Bọ́lájí wo? Bọ́lájí kì í gbénú ilé yìí."

"Ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà, Bàbá. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ níbẹ̀."

Ẹnu Jíbrílù kò lè pa dé. Nígbà tiwọn, kéèyàn tó mọ ẹni tó ń yọ́ lo wáyà oníwáyà, á gun òpó, á so fóònù mọ́ okùn kọ̀ọ̀kan, á máa fetí sí i lábẹ́ oòrùn. Èyí jókòó sójú fèrèsé, ó ń ka gbogbo wọn lórúkọ.

"Báwo la ó ṣe já wọn?"

"Ká yí páswọ́ọ̀dù padà. Ẹ fi èyí tẹ́nìkan ò ní mọ̀ sí i."

Kò ì sẹ́ni tó fún ẹbí ní nǹkan láàárọ̀ rí tó gbà á lọ́sàn-án tí kò jẹ orúkọ burúkú. Igbe Hussainat tún dún. Jíbrílù fi ìka kan ṣoṣo tẹ nọ́ńbà òpó àkọ́kọ́ tó gùn láyé rẹ̀, ó sì ní kí Rónkẹ́ tì í.

Iná róútà kú, ó tún tàn. Láti gbogbo kọ̀rọ̀ agboolé ni ariwo ti sọ.

"Ta ló gé e?" Ohùn Àdìjátù ló ga jù. "Ìgbà tí ìyàwó inú sinimá fẹ́ mọ ẹni tó bímọ náà ni!"

Jíbrílù bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. "Èmi ni. Àwọn tí mo ti gé wáyà wọn lágbo Èkó yìí, wọ́n jù yín lọ. Ẹ̀gbọ́n yín ti wà nínú aṣọ funfun fọ́jọ́ mẹ́rin. Títí tí wọ́n ó fi sọ̀rọ̀ tán, kò sẹ́ni tó máa wo sinimá nílé yìí. Bọ́lájí, ìwọ náà ń gbọ́ mi lẹ́yìn fẹ́ǹsì!"

Àdìjátù dáhùn, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹ ò bá ti tètè wí, Bàbá wa. Ṣé a jẹ́ dínà mọ́ wọn ni?"

Lọ́tẹ̀ yìí, kọ̀ǹpútà Rónkẹ́ tó lójú fẹ̀ ni wọ́n lò. Jíbrílù kò fọwọ́ kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà sórí ẹní, sáàárín Hussainat àti ògiri tó kọjú sí. Ó sọ fún Abdulmujeeb ní Sókótó pé, "Wí fún ìyá rẹ pé Hussainat gbà pé wọ́n ti sin ín."

"Sin èmi?" Ìyá Sókótó pòṣé. "Ẹ gbé mi dìde jókòó."

Kò juwọ́, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó kàn fi ìka kan imú rẹ̀, ó sì dúró. Jíbrílù mọ ohun tó ń ṣe. Eré dígí ni. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, àwọn ìbejì á kọjú síra wọn: ọ̀kan ni èèyàn, ọ̀kan ni dígí. Ohun tí èèyàn bá ṣe, dígí gbọ́dọ̀ ṣe é. Dígí tó bá ṣì í ṣe, á gba ìkó níwájú orí.

Hussainat fi igun ojú wò ó. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ gbéra lórí itan, díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ti Sókótó gbéra tẹ̀lé e bíi ti dígí. Ó dúró, tọ̀hún dúró. Ó yára fa etí ara rẹ̀, wọ́n fa etí lọ́hùn-ún. Ó ṣe bí ẹni fẹ́ kan orí, ó já a jù sí èjìká, bí wọ́n ṣe máa ń tanra wọn jẹ. Ìyá Sókótó kan orí. Ó ti ṣì í ṣe. Ó ká ìka, ó fúnra rẹ̀ kó ara rẹ̀ níwájú orí, pá!

Hussainat rẹ́rìn-ín. Ohùn ẹ̀rín rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ń sáré, wọ́n ń gúnni, wọ́n ń bú, wọ́n ń bèèrè. Ti Sókótó ń dá a lóhùn. Àwòrán kò dúró. Ìka kọ̀ọ̀kan ń dé ní pípé, láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kan ní Òkè Ọya wọ inú yàrá kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, láìsí okùn, láìsí òpó tẹ́nikẹ́ni gùn. Jíbrílù dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ìgbà tó ṣí i.

Àwọn ará ilé ti gòkè wá. Wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí wákàtí kan kọjá, Àdìjátù yọ́ fa Jíbrílù láṣọ.

"Kí ni Ìyá Sókótó ń wí, Bàbá wa?"

Jíbrílù wo ọwọ́ wọn títí. Nínú ogún ọ̀rọ̀, ó lè mọ ẹyọ kan.

"Èmi ò mọ̀," ló wí. "Hussainat la ó bi."

Wọ́n dúró dè é. Nígbà tó ṣe tán, tó yíjú sí wọn, tó bá gbogbo agboolé tó tò jọ tí wọ́n ń wo ọwọ́ òun, ẹnu yà á. Ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó pè wọ́n súnmọ́ra. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó lè yé wọn: pé irin ni wọ́n fi so egungun náà, pé dókítà tó ṣe é kò tíì hu irùngbọ̀n, pé Hassanat ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lánàá, ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ibi tí kò bá ti yé Jíbrílù, ó ń tún un ṣe.