Èémí Aláriwo

Nígbà tí ojú ọkùnrin náà ò ríran jìnnà mọ́, ilé iṣẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ tírélà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní kó máa lọ sinmi. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Bàbá Onítírélà, orúkọ yẹn ò sì kúrò lára rẹ̀ bí tírélà tilẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lo ìgbà èwe àti ìgbà àgbà lórí ìrìn. Bó bá wálé, yóò sùn, yóò jẹun, yóò fọ aṣọ, ó tún di ojú títì.

Ilé tó wá fẹ̀yìn tì sí yìí, bí àlejò ṣe ń mọ ilé onílé ló mọ̀ ọ́n. Ó mọ ibi tí àga wà, kò mọ ibi tí wọ́n ń kó ṣíbí sí. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, yàrá iwájú ló sì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀rọ ìránṣọ létí fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ láàárín, àjákù aṣọ jọ gègèrè lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà ti to ìgbésí ayé rẹ̀ bó ṣe fẹ́, kò sì fi àyè ọkùnrin tó ń jókòó sílé lọ́sàn-án sí i. Bí ọkọ bá jókòó, á ní ibẹ̀ làwọn oníbàárà ń jókòó. Bó bá dìde dúró, á ní ó ń dí ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà rí kọ̀rọ̀ kan fara mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ehoro.

Ọmọbìnrin wọn ló ra ehoro yìí nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tó ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ó ní òun á padà wá mú un, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló sọ ẹran náà ní Aláriwo, nítorí kò sí ohun abẹ̀mí tó dákẹ́ tó o. Funfun ni, àfi etí rẹ̀ kan tó dúdú bí ẹni pé wọ́n tì í bọ inú tàdáwà. Ó ti darúgbó. Ibi tó ti máa ń fò tẹ́lẹ̀, ó ti ń rọra gùn ún.

Aláriwo ni obìnrin náà máa ń bá sọ̀rọ̀ bó bá ń ránṣọ. Á ro ẹjọ́ oníbàárà tó ní kí wọ́n gbé ìbàdí aṣọ wọlé, tó tún wá ń bínú pé aṣọ fún òun. Á sọ̀rọ̀ ọmọ, á sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dun òun. Ohun tí kò sọ fún ọkọ, ó ń sọ fún ehoro. Bẹ́ẹ̀ ọkọ jókòó ti ehoro, ó ń gbọ́ tiẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òwú já lẹ́nu abẹ́rẹ́, ẹ̀rọ dákẹ́. Ọkùnrin náà wá gbọ́ nǹkan kan tó ń dún fíì, fíì, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń jò lára páìpù bíréèkì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dẹtí sílẹ̀. Inú àpótí ni ìró náà ti ń wá.

"Ìyá wọn, wá gbọ́ nǹkan."

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́? Aláriwo kì í dún."

"Ó ń dún lónìí."

Obìnrin náà wá, ó kúnlẹ̀. Imú ehoro náà tutù rinrin. Irun inú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra gan-an bí aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí, torí ọwọ́ ló fi ń nu imú. Ìhà rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde.

"Ọ̀fìnkìn ni," ni obìnrin náà wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò dá a lójú.

Ọkùnrin náà lọ mú agolo róòbù rẹ̀. Kò sí òtútù ojú ọ̀nà tí róòbù yẹn ò tíì bá a lé lọ. Ó fi orí ìka kan díẹ̀, ó fi ra àyà ehoro, ó sì kàn án nímú. Ohun tó tẹ̀lé e ò dùn ún wò. Ẹran náà sín, ó sín, ó sín títí tí orí rẹ̀ fi ń lu ògiri àpótí. Ó sá lọ sí kọ̀rọ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ń mí gúlegúle. Ìyàwó rẹ̀ gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wu ọkùnrin náà kó bú òun. Obìnrin náà fi aṣọ tútù nu róòbù náà kúrò lára ẹran, ó padà sídìí ẹ̀rọ.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Aláriwo ò fẹnu kan koríko. Wọ́n gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n wọ takisí, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Bàbá Onítírélà gbé apẹ̀rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń bẹ awakọ̀ pé kó máa rọra níbi tí ọ̀nà bá ti gbún.

"Bàbá, ṣé ẹyin lẹ gbé ni?"

"Ẹyin ì bá sàn."

Dókítà náà, obìnrin kékeré tí wọ́n lè bí lọ́mọ, kò sáré gbá ehoro mú. Ó kọ́kọ́ dúró lókèèrè, ó ń wo bó ṣe ń mí. Ó wá gbé e sínú àpótí oníláílọ́ọ̀nù kan tí páìpù ọ́síjìn wọ̀, ó jẹ́ kó fara balẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.

"Ehoro kì í fẹnu mí bíi tiwa," ló sọ fún wọn. "Imú nìkan ló ní. Bí imú bá dí, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ní ló tì yẹn. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rí i tó lanu mí, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa gbé e bọ̀."

Ọkùnrin náà tún fìlà ṣe. "Dókítà, mo fi róòbù ra á o."

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. "Ó ti le jù fún imú wọn, sà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ ṣe é. Ibo ló ń gbé nínú ilé?"

Ìyàwó ló dáhùn. Yàrá tí wọ́n ti ń gé aṣọ. Lẹ́búlẹ́bú pákó ló ń sùn lé. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn máa ń fín oògùn ẹ̀fọn níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bó ṣe ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, torí ó ti ń gbọ́ ara rẹ̀.

Dókítà ya fọ́tò egungun orí ẹran náà, ó fi hàn wọ́n. Eyín ehoro kì í ṣíwọ́ híhù. Gbòǹgbò eyín òkè Aláriwo ti ga sókè, ó ti ń fún ọ̀nà imú mọ́. Àìsàn wá bá a níbẹ̀, eruku bá àìsàn. Ó ní òun ò ní lè ṣe iṣẹ́ abẹ eyín náà, torí ẹran tó dàgbà tó yìí lè sùn kó má jí. Ó fún wọn ní oògùn àti ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ omi oògùn di ìkùukùu.

"Mi ò ní purọ́ fún yín. A ò lè sọ ọ́ di ọmọdé. Ṣùgbọ́n a lè jẹ́ kó máa mí ní ìrọ̀rùn fún ìgbà díẹ̀."

"Ìgbà díẹ̀ tó báwo?" ni ìyàwó bi í.

"Mi ò mọ̀, mà. Ẹnu ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Tó bá ṣì ń jẹun, ó ṣì fẹ́ wà."

Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀. "Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Èyí ò bímọ. Tiwa ló máa mu."

Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa gbé e sí di ìjà. Ọkọ ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ sẹ́yìn ilé.

"Níbi tí kò sí ìmọ́lẹ̀? Kí àwọn oníbàárà máa gba kíṣìnnì kọjá? Bàbá wọn, láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé lẹ ti ń darí ilé yìí bí ẹni ń darí ọkọ̀. Ilé ò ní sítíárì."

Ọkùnrin náà gba ẹ̀yìn ilé lọ. Yàrá kan wà lẹ́yìn tó jẹ́ pé ẹrù tirẹ̀ nìkan ló kún inú rẹ̀: jáàkì, tàpólì, okùn ìdírù, táyà méjì, àpótí ìrìnàjò, jákẹ́ẹ̀tì tó máa ń wọ̀ lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó ń pa wọ́n mọ́ fún, àfi bóyá ọkàn rẹ̀ kan tó rò pé wọ́n ṣì máa ránṣẹ́ pe òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jáde. Ó pe awakọ̀ kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí pé kó wá kó gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀rẹ́ náà gbé jáàkì, ó ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Bàbá Onítírélà ní, "Máa gbé e lọ kí n tó yí ọkàn padà." Ó fọ ilẹ̀ yàrá náà, ó ṣí fèrèsé, ó tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́ sílẹ̀ dípò lẹ́búlẹ́bú pákó. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó wo yàrá náà pẹ́.

"Mi ò mọ̀ pé ó fẹ̀ tó báyìí," ló wí.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ọkùnrin náà di títọ́jú imú. Á fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rẹ aṣọ, á nu ihò imú méjèèjì, á fi ìka tú irun ọwọ́ tó lẹ̀. Bó bá di àkókò oògùn, á gbé Aláriwo sínú páálí, á tan ẹ̀rọ kékeré náà, ìkùukùu á sì bò ó títí etí dúdú yẹn nìkan ló máa kù tó hàn. Ó ń lọ já koríko tútù létí pápá, àwọn èèyàn ń bi í léèrè bóyá ó ti di darandaran. Á ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹran òun ò kàn pọ̀ ni.

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó á gbọn eruku òwú ara rẹ̀ dà nù lóde, á pààrọ̀ bùláòsì, á wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran rẹ̀, á máa rojọ́ ọjọ́ náà fún un. Kò sí ariwo ẹ̀rọ mọ́ láti bo ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ń sọ ti oníbàárà kan tó taku pé wọ́n ti gé aṣọ òun kúrú, ni ọkọ rẹ̀ bá dá sí i.

"Kò kúrú. Ikùn ẹ̀ ló gbé e sókè."

Obìnrin náà wò ó. "Ṣé ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀?"

"Aláriwo ló ní kí n bá òun dáhùn. O mọ̀ pé imú ẹ̀ ò yá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà kó tó mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ ń dá sí ẹjọ́, ìyàwó sì ń jẹ́ kó dá sí i.

Èémí Aláriwo rọlẹ̀. Kò mọ́ tán, bí dókítà ti wí; ìró fíì náà wà níbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bí wọ́n bá tẹ́tí. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó ń na ara sínú oòrùn fèrèsé, òjò sì bẹ̀rẹ̀, ó tún dá, ó ṣì wà. Ó wá di ọ̀sán kan tí ọkùnrin náà na koríko sí i, tí ẹran náà gbójú kúrò. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ẹnu rẹ̀ là. Ọkùnrin náà ò pe orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ó kàn gbé ehoro sínú apẹ̀rẹ̀, ó gba yàrá iwájú kọjá, obìnrin náà fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó tẹ̀ lé e.

Dókítà gbìyànjú ọ́síjìn, ó gbìyànjú abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó tì wọ́n. Ó ní òun lè tún fà á di ọ̀la, ṣùgbọ́n ìyà lòun máa fà.

Ọkùnrin náà ní kí wọ́n fà á. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Bàbá wọn, ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí."

Ó gbọ́. Ó mi orí pé ó dáa. Dókítà fún Aláriwo ní abẹ́rẹ́ oorun, orí rẹ̀ wà lórí apá obìnrin náà, àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà sì wà ní ìhà rẹ̀ títí tí ìhà náà ò fi gbéra mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ wọn pè. Ìyá gbé e, ó na fóònù sí ọkọ. Ọkùnrin yìí, ẹni tí kì í sọ lórí fóònù ju "mo ti dé" àti "mo ti ń lọ," jókòó, ó sì rò ó fún ọmọ rẹ̀ látòkè délẹ̀: ti imú, ti eyín, ti ìkùukùu inú páálí. Ó sọ ti róòbù pẹ̀lú. Ọmọ ń sunkún lọ́hùn-ún, bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Láàárọ̀ àná ló kọ koríko," ló ń wí.

"Ọ̀sán ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀sán ni, ìyá ẹ sọ òótọ́. Oòrùn ti dé ibi fèrèsé."